Kí Ikán Tó Dé, Kí Ogún Tó Dé: Bí Àkójọ Ẹnìkan Ṣe Ń Di Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun kan ṣílẹ̀kùn nínú ọgbà Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, Ìpínlẹ̀ Èkó. Yemisi Shyllon Museum of Art ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ Ẹ̀gbá láti ìdílé Láarún ní Aké, ló kó ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà fún yunifásítì náà, òun náà ló sì náwó sí ilé tí wọ́n kó wọn sí. Ère igi wà níbẹ̀, iṣẹ́ idẹ wà níbẹ̀, àwòrán ọlọ́dà náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bíi Ben Enwonwu, Bruce Onobrakpeya àti Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni bàbá náà ti ń rà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ènìyàn kó ẹgbẹ̀rún nǹkan olówó iyebíye sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé, kí ó ní òun kò ni wọ́n mọ́, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ nílẹ̀ wa. Ohun tó mú un ṣe é ṣe yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kó nǹkan jọ mọ̀ ọ́n.

Àkójọ náà kò dé lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Ọmọọba Shyllon ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ́ńjíníà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ra iṣẹ́ ọnà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀, títí tó fi ju 7,000 lọ, láìka fọ́tò ọdún ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà tó lé ní 50,000. Ọdún 2007 ni wọ́n tó dá àjọ kan sílẹ̀, OYASAF, láti máa bójú tó wọn. Láti orí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rà títí dé orí àjọ yìí, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni. Ọdún méjìlá tún kọjá kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó dé. Jess Castellote, ayàwòrán-ilé ọmọ Sípéènì tó ti pẹ́ ní Èkó, tó sì ti ṣe ìwé lórí àkójọ àwọn aládàáni Èkó ní 2012, ni wọ́n fi ṣe olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó fi ìlù pe ará ìlú, wọ́n ti wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Àwọn tó ń kó nǹkan jọ pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìndé Bákàrè jọ sínú yàrá kan wà. Ẹni tó tọ́jú owó ẹyọ, kọ́bọ̀ oníhò àti ṣílè tí a ń ná kí náírà tó dé ní oṣù kìíní ọdún 1973 wà. Àwọn ìyá kan ní àpótí ẹtù, sányán àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ẹnikẹ́ni kò tún lè ya irú rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì tí kò ju ìwé ìròyìn kan nù láti ìgbà òmìnira náà wà, bí ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́ pé eku ló ń kó wálé. Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣọ́ ìtàn wa láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó.

Síbẹ̀, yàrá tó kún fún nǹkan àtijọ́ kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. ICOM, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, tún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ti èrè, ó gbọ́dọ̀ wà títí lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa ṣèwádìí, kí ó máa kó nǹkan jọ, kí ó máa tọ́jú wọn, kí ó máa ṣàlàyé wọn, kí ó sì máa fi wọ́n hàn. Ẹni tó bá ti dé ilé Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ní Lẹ́kìí yóò ti rí bí iṣẹ́ ọnà ṣe kún ilé alájà púpọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ilé ìtajà iṣẹ́ ọnà ni, wọ́n ń tà níbẹ̀, títà yẹn ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í tà. Ohun tó bá ti wọlé síbẹ̀ ti kúrò lọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó nǹkan jọ mọ̀ pé dúkìá ni. Bí ó bá sì kú láìsọ bí wọn yóò ṣe ṣe é, ogún ni.

Àṣà wa ti ní ọ̀nà tí à ń gbà pín ogún. Wọ́n lè fi ìdí-igi pín in, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Súbérù Dáwódù ará Èkó, tó kú ní 1940 tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ, di ẹjọ́ tó rìn títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti fìdí ìdí-igi múlẹ̀ ní 1962. Owó ilé ṣe é pín báyẹn. Àkójọ kò ṣe é pín. Bí Táyé bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá kan, tí Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá kejì, ère ìbejì náà kì í ṣe ìbejì mọ́. Bí wọ́n bá pín àwo orin olórin kan sọ́nà mẹ́rin, kò sí ẹni tó tún lè fi gbọ́ bí orin náà ṣe yí padà láti ọdún kan dé èkejì. Ọmọ tó bá sì jogún ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ yóò tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Ìjà bàbá àti ọmọ ló dá ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aládàáni tó lókìkí jù lágbàáyé. Ọmọ bíríkìlà ni John Soane, ṣùgbọ́n òun ló wá di ayàwòrán-ilé Bank of England. Ó kó ère, àwòrán àti àfọ́kù òkúta ilé àtijọ́ kún ilé rẹ̀ ní Lincoln's Inn Fields ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1824 ó fi £2,000 ra pósí òkúta Séti Kìíní, ọba Íjíbítì ayé àtijọ́, lẹ́yìn tí British Museum ní owó náà ti pọ̀ jù. Ọmọ rẹ̀, George, ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní 1815, láìfi orúkọ sí i, láti fi bú iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìyá George kú, Soane sì gbà pé ìwé yẹn ló pa á. Kò dárí jì í. Ní 1833 ó mú kí ilé aṣòfin ṣe òfin kan tó fi ilé náà àti gbogbo ohun inú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó bá ṣe wà lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí ará ìlú sì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní 1837. Ọ̀fẹ́ náà ṣì ni títí dòní.

A kò ní láti bá ọmọ wa jà kí a tó ṣe irú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé Soane ṣe ìwé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń mú kálámù. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó nílò ilé aṣòfin fún èyí. CAMA, òfin ọdún 2020 lórí ilé-iṣẹ́ àti àjọ, gba ènìyàn láàyè láti forúkọ àjọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn alágbàtọ́, kí àjọ náà sì máa jẹ́ olóhun. Bí a bá ti fi ìwé gbé àkójọ fún un, kì í ṣe ti bàbá mọ́, kò sì sí lára ohun tí àwọn ọmọ yóò pín. Ó dára kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wà lára àwọn alágbàtọ́ náà, kí ẹni tó mọ òfin wà níbẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà náà sì wà níbẹ̀.

Owó kọ́ ló ń bí irú àkójọ báyìí. Ọmọ Puerto Rico ni Arturo Schomburg, wọ́n bí i ní 1874. Nígbà tó wà ní kékeré, olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn, kò sì ní akọni kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú rẹ̀. Ó kó lọ sí New York, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Wall Street níbi tó ti ń bójú tó lẹ́tà, owó oṣù yẹn ló sì fi ń ra ìwé, lẹ́tà àti àwòrán tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Áfíríkà káàkiri ayé. Ní 1926, àjọ Carnegie san $10,000 lórí àkójọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìkàwé ìlú ní Harlem. Láti 1932 títí tó fi kú ní 1938, Schomburg fúnra rẹ̀ ni alábòójútó rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, ohun tó wà ní Schomburg Center ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Ohun tí à ń kó jọ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú ère ìbejì kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá kú, ká wò ó dáadáa. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ. Ilà ojú rẹ̀ àti bí agbẹ́gilére ṣe di irun rẹ̀ lè sọ ìlú tó ti wá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bí tírà bá wà ní àyà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ilé onímàle. Ẹ wo abẹ́ apá àti ẹ̀yìn orúnkún: osùn pupa ṣì wà nínú àwọn kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Wàjì wà lórí irun. Ojú àti imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, kì í ṣe pé agbẹ́gi náà kò mọ iṣẹ́. Ìyá kan ló wẹ̀ ẹ́, tó fún un lóúnjẹ, tó fi osùn pa á lára, tó sì pọ̀n ọ́n fún ọdún púpọ̀, bí ẹni tó ṣì ní ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ìfẹ́ ìyá yẹn ló wà lára igi náà. Ẹni tó bá wá rà á, tó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, tó fi fáníìṣì kùn ún kí ó lè máa dán nínú pálọ̀, ti pa ìtàn náà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe fún ohun tó bá wọlé ni kíkọ, kì í ṣe fífọ̀. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ibi tí ojú kì í tètè dé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí abẹ́ ìdí ère. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oje kan tó mọ́ gaara tó sì ṣeé yọ lẹ́yìn ọ̀la kùn ún níwọ̀nba, wọ́n á kọ nọ́ńbà náà lé e pẹ̀lú táàdà, wọ́n á tún fi oje náà bò ó. Wọn kì í kọ ọ́ sára aṣọ rárá: wọ́n á kọ ọ́ sórí tẹ́ẹ́pù òwú kan, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ etí rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni yóò wà nínú ìwé ńlá: kí ni nǹkan náà ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ni ín, ta ló ṣe é, níbo, kí ni wọ́n fi ṣe, ọwọ́ ta ló ti wá, ní ọdún wo, èló, ibo ló ti sán tàbí ti fọ́. Fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní igba nǹkan tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí sún mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ju ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí gbogbo ìmọ̀ nípa wọn wà lórí ahọ́n rẹ̀ nìkan.

Ìbéèrè ọwọ́ ta ló ti wá kì í ṣe eré. Òfin Nàìjíríà tó ti wà láti 1979, tó tún dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé sí ohun àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò. Ohun tó bá ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, tí wọ́n sì ti lò nínú ètò ìbílẹ̀ rí, wà lábẹ́ òfin yìí kan náà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ àjọ yìí, òfin sì fi ààlà sí ẹni tó lè máa rà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú wá wo àkójọ òun gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn kó tó kan pátákó ìta. Bí ère kan bá kúrò ní ojúbọ ìlú láìjẹ́ pé àwọn àwòrò fi í sílẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè sọ ọ́ di mímọ́.

Ìdílé Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ àpẹẹrẹ. Oníṣòwò tíì ni Frederick Horniman. Ó kó nǹkan láti gbogbo ayé jọ, àkójọ náà sì kún ilé rẹ̀ ní Forest Hill títí tí ìdílé fi kó jáde fún un. Ní 1890 ó ṣí ilé náà sílẹ̀ fún ará ìlú; nígbà tó di 1901 ó ti kọ́ ilé tuntun, ó sì fi ilé, àkójọ àti ọgbà fún ìgbìmọ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀làwọ́ ènìyàn ni. Síbẹ̀, àwọn ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Benin ní 1897 wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 sì ni wọ́n dá ẹ̀tọ́ lórí ohun 72 padà fún Nàìjíríà, pátákó idẹ 12 wà lára wọn. Ọdún 125 ni ọ̀rọ̀ náà fi dúró de ìdáhùn.

Ọ̀tá tó kù, inú ilé ni wọ́n ń gbé. Oòrùn ń pa aró, nítorí náà àdìrẹ kò gbọdọ̀ wà níwájú fèrèsé. Ibi tí iná rẹ̀ kò le ni kí wọ́n ká a sí, kí wọ́n sì máa yí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ padà. Àwọn àwo orin àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n fi oje kòkòrò ṣe, ń sán bí wọ́n bá tò wọ́n léra. Ìdúró ni kí wọ́n wà. Ìwé ìròyìn ń pọ́n nítorí ohun tó wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ń mú un yára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó idẹ kí ó lè máa kọ mọ̀nà. Ìpele òkè tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń bó dànù yẹn. Ní ti igi, àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀ tó sì jìnnà sí ògiri díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú tètè rí ọ̀nà ikán. Bí kòkòrò bá ti wà nínú ère, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dà sílẹ̀, àwọn onímọ̀ máa ń wé e sínú ọ̀rá, wọ́n á dí i pa, wọ́n á gbé e sínú fírísà tó tutù tó ìwọ̀n 20 sábẹ́ òdo fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, òtútù á sì pa kòkòrò pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ láìlo oògùn apakòkòrò. Ẹ má dán an wò lára eyín erin tàbí igi tó ní ọ̀dà lára.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo la lè gbà ṣe é. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ilé alárà Bràsíl kan tí wọ́n kọ́ ní 1870 ni Urbain-Karim Elisio da Silva sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé àti ti àwọn àgùdà, ìran àwọn tó ti Bràsíl padà wá, ní 1998. Ní Salvador ní Bràsíl, Mãe Stella, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, kó aṣọ àti ohun èlò àwọn ìyálórìṣà tó ṣáájú rẹ̀ jọ sínú ọgbà wọn, ó sì pè é ní Ilé Ohun Láéláé. Emanoel Araújo, agbẹ́gilére ọmọ Bahia, tiẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: iṣẹ́ bí 1,100 láti inú àkójọ tirẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ Museu Afro Brasil ní São Paulo ní 2004, ìjọba sì fún un ní ilé nínú ọgbà Ibirapuera. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára orúkọ ilé náà báyìí. Èkó pàápàá ti rí irú rẹ̀ kí ti Shyllon tó dé: láti 1983 ni Newton Jibunoh ti dá Didi Museum sílẹ̀ ní Victoria Island.

Ẹni tó bá rò pé owó ẹnu ọ̀nà yóò máa gbọ́ bùkátà irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣírò iná mànàmáná, dísù jẹnẹrétọ̀, ọlọ́dẹ, òrùlé àti owó oṣù ẹni kan ṣoṣo tó mọṣẹ́. Ìjọba ló ń ti Horniman àti ilé Soane lẹ́yìn lónìí. Owó Carnegie ló gbé Schomburg dúró. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí tí Ọmọọba Shyllon ṣe ni pé wọ́n gbé tiwọn sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wà lójoojúmọ́, tí yunifásítì sì ní ìdí láti máa tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ wọn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká yunifásítì lè lọ bá ilé ìwé girama tó ti jáde, ààfin ìlú rẹ̀, tàbí ilé ìkàwé ìpínlẹ̀, kí wọ́n jọ kọ ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tó ni í, ẹni tí yóò máa náwó sí i, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé náà bá tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àkójọ yìí nílé, ẹ má tíì wá ilé, ẹ má tíì wá ayàwòrán-ilé. Ẹ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi nọ́ńbà kìíní sí ohun tí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà kan ṣì wà tó mọ orúkọ aṣọ náà, tàbí tó mọ ilé tí ère náà ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí i, kí ẹ sì pe ọmọ yín kan jókòó tì yín.